Òṣó Ni Màá Ló

Bàbá mi kò ní ìwé gbèsè rí.
Orí rẹ̀ ni ìwé.
Bó bá ta fẹ́lífẹ́ẹ̀tì láwìn ní Ìkàrẹ́ lóṣù Agẹmọ,
á padà lọ lóṣù Ọ̀wàrà, á mọ ojúlé, á mọ orúkọ ọmọ,
á mọ ẹni tó san ṣílè mẹ́ta tó ku méje,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bí òkúta:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."

Lánàá, ní ilé wa n'Ísọ̀kùn, n'Iléṣà,
ó wò mí níbi tí mo ti ń bẹ iṣu,
ó ní, "Yèsí rèé?"
Ìbíyẹmí ni, Bàbá.
"Ìbíyẹmí wo?"
Ọ̀bẹ dúró sínú iṣu.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ
ni ìbànújẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára bí òjò ṣe ń wọ ògiri alámọ̀.
Ẹni tí kò jẹ́ kí kọ́bọ̀ já bọ́ rí
ń wo owó bí ewé gbígbẹ.
A gbé e lọ sí Wẹ́sílì, wọ́n fún un lóògùn ìrẹ̀wẹ̀sì.
Oorun padà wálé. Ẹ̀rín padà, díẹ̀.
Bí wọ́n ti ń wọlé ni iyè ń jáde.

Ṣé oògùn ni?
Ṣé ọjọ́ orí ni?
Àbí ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ iyè
bí ikán ṣe ń jẹ ìdí àpótí tí aṣọ kún inú rẹ̀?
Bọ̀dá mi pè láti Ìbàdàn: "Da oògùn yẹn nù!"
Àbúrò bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni.
Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn fẹ́ mọ̀.

Bébà kan wà nínú páálí oògùn náà,
wọ́n ká a lọ́nà mẹ́jọ,
lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí.
Mo gbé e tọ Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá oníkẹ́míìsì lọ ní Ẹrẹ́jà.
Ó wọ jígí, ó wá a títí, ó fi ìka lé ìlà kan ṣoṣo:
"Ó lè mú kí àwọn mìíràn máa gbàgbé nǹkan."
Àwọn wo?
Bébà ò sọ.
Fún ìgbà wo?
Ó ká bébà náà, kò ká bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni dókítà ní fún wa.
Ó ti kọ oògùn tán kó tó wojú bàbá mi.
Ó ní, "Ẹni tó kàn!"
Mo dìde, mo dẹ́nu ọ̀nà.
N kò mọ ohun tó ṣe mí.
Mo ká ìró mi mọ́ra, mo lóṣòó.
"Dókítà, ẹ jẹ mí ní àlàyé. N ò dìde."

Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.
Ọkùnrin náà jókòó padà,
ó sì kọ́kọ́ sọ ohun tó balẹ̀ sí mi lọ́kàn jù:
"Mi ò tíì mọ̀."
Ó ní a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní kí n má dá oògùn dúró lójijì,
kí n máa kọ ohun tó bá gbàgbé sílẹ̀,
àti ohun tó bá rántí.
Nọ́ọ̀sì fi Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà èṣí.

Mo gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.
Lálẹ́, bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde,
ó ní, "Ta ló ń ṣàìsàn?"
Ó wá yíjú sí mi:
"Ìwọ ìyàwó Ìkàrẹ́ yìí, ṣílè méje mi ńkọ́?"
Mo ní, ó wà lọ́rùn mi, Bàbá.
Ó rò ó wò.
"Máa lọ ná," ló wí, "òjò ti ṣú."

Mo mú bírò.
Apá ibo ni kí n kọ èyí sí?